Ṣé abẹ́rẹ́ oorun lè pa ìpayà rẹ́ lọ́kàn ẹni?

Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC kan ní Èrúkú, ní ìpínlẹ̀ Kwara, lójú ìsìn, wọ́n pànìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn wọgbó. Kí oṣù náà tó parí ni ìjọba kéde pé wọ́n ti gba ìtúsílẹ̀. Èrúkú nìkan kọ́. Ẹni tó bá ń ti Ìlọrin gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ajínigbé kì í wọ́n nínú ọkọ̀ mọ́, àti pé bí ojú bá ti fẹ́ máa ṣú, dírẹ́bà gan-an kì í fẹ́ dúró kí èèyàn tọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wá ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, ní gáréèjì àti nínú fóònù: pé abẹ́rẹ́ kan wà nílé ìwòsàn ńlá, èyí tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Pé bí wọ́n bá gún un fún ẹni tó ti ọ̀dọ̀ ajínigbé dé, gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú igbó yóò parẹ́. Á sùn, á jí, á máa bá ayé rẹ̀ lọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò kà. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rí ẹsẹ̀ fi rìn ni pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Oògùn akunilóorun ń fọwọ́ kan ìrántí lóòótọ́, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti ń tọ pinpin rẹ̀ láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá pàdé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdì-kejì ohun tí à ń sọ nínú ọkọ̀. Bí oògùn náà bá kéré lára, ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mú lọ. Ìbẹ̀rù ló ń ṣẹ́kù. Ó ṣeé ṣe kí èèyàn má lè sọ ohun tó ṣe é, kí ara rẹ̀ sì máa bẹ̀rù rẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn, tó sì tún ti ń dẹ́rù bani díẹ̀, nìyẹn.

Ìrántí méjì, ilé méjì

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè wọ Ọ̀fà, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì fọ́ báńkì. Ẹ̀mí tó lọ lé ní 30. Ẹ wá ẹnì kan tó wà láàárín ìlú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kí táyà ọkọ̀ bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí kí àwọn ọmọdé yin báńgà nígbà ọdún. Ara rẹ̀ á ti fò kó tó mọ̀ pé òun fò. Lẹ́yìn èyí ni ìrántí á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ibi tó dúró sí, ẹni tó fà á lọ́wọ́ wọlé, ohun tó ń rà. Àwọn àgbà ti rí i tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kó eku sínú àpótí: ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Eku inú àpótí náà ṣe pàtàkì, torí àwọn ló fi ọ̀nà tí ìbẹ̀rù ń gbà wọlé hàn wá. Wọ́n á fi eku sínú àpótí, wọ́n á jẹ́ kí ohùn kan dún, bí ohùn náà bá ti fẹ́ dákẹ́, iná mànàmáná díẹ̀ á ta á lẹ́sẹ̀. Kò ní ju ẹ̀ẹ̀mélòó kan lọ tí eku náà á fi mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, bí ohùn náà bá dún, láìsí iná rárá, á dúró gbagidi, kò ní mira. Bí wọ́n bá sì kàn dá a padà sínú àpótí yẹn, láìsí ohùn, á tún dúró gbagidi. Ẹ̀rù méjì ni eku yìí ní: ẹ̀rù ohùn àti ẹ̀rù ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Joseph LeDoux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York wà lára àwọn tó tọpa ẹ̀rù ohùn dé ẹ̀yà kékeré kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala. Ẹ̀rù ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ń fẹ́ amygdala náà, ṣùgbọ́n ó tún ń fẹ́ aládùúgbò rẹ̀, hippocampus, tó ń bá wa to ìtàn: ibi, àsìkò, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e.

Ti èèyàn náà kò yàtọ̀. Ní Geneva, dókítà kan tó ń jẹ́ Édouard Claparède ní aláìsàn obìnrin kan tí kì í rántí ohun tuntun kankan. Bí dókítà bá jáde tó padà wọlé, àlejò ni lójú obìnrin náà. Lọ́jọ́ kan ó fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sí ọwọ́, ó bọ obìnrin náà lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ sì gún un. Nígbà tó tún na ọwọ́ sí i lẹ́yìn náà, obìnrin náà fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Kò mọ ìdí tí òun fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún 1911 ni Claparède kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. (Kò sí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn kan tó máa gbà á láyè lónìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀.)

Ní 1995, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tún ṣe é lọ́nà tó mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń fi àwọ̀ oríṣiríṣi han àwọn aláìsàn, bí àwọ̀ búlúù bá jáde, wọ́n á fọn fèrè ọkọ̀ ojú omi lójijì. Ẹni tí amygdala rẹ̀ ti bàjẹ́ sọ ọ́ kedere pé búlúù ni fèrè ń tẹ̀lé, ṣùgbọ́n awọ ara rẹ̀ kò làágùn nígbà tí búlúù bá jáde. Ẹni tí hippocampus rẹ̀ ti bàjẹ́ kò lè sọ àwọ̀ tí fèrè ń tẹ̀lé, ṣùgbọ́n bí búlúù bá ti yọ, òógùn á dé sí i lọ́wọ́. Ẹnì kan mọ̀ láìbẹ̀rù, ẹnì kejì bẹ̀rù láìmọ̀.

Oògùn wọlé

Láti ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1846, tí William Morton fi ether kun ọkùnrin kan lóorun ní Boston níwájú àwọn dókítà, oògùn yìí ti pọ̀ sí i, kò sì sí èyí tó jọ èkejì tán. Isoflurane àti halothane jẹ́ èyí tí aláìsàn ń fà símú. Propofol, tó funfun, jẹ́ èyí tí wọ́n ń gún sójú iṣan. Midazolam jẹ́ ìbátan Valium tí gbogbo wa mọ̀. Iṣẹ́ tí àwọn wọ̀nyí ń ṣe jọra ní ibì kan: wọ́n ń ti kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ GABA lẹ́yìn, kẹ́míkà tó ń pa ariwo inú ọpọlọ lẹ́nu mọ́. Ketamine ní tirẹ̀ gba ẹ̀bùrú. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ló ń dí. Ó sì yàtọ̀ sí àwọn yòókù.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe kókó. Ní 2001, àwọn olùwádìí ní San Francisco fi isoflurane díẹ̀díẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ tí eku ń mí nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ìbẹ̀rù. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ìwọ̀n tó máa tó kí eku má rí ẹ̀kọ́ náà kọ́ rárá. Ìwọ̀n tó pa ẹ̀rù ibi tó ti ṣẹlẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n tó pa ẹ̀rù ohùn lọ. Ẹ tún un kà. Láàárín ìwọ̀n méjèèjì yìí, ojú ọ̀nà kan wà tó ṣí sílẹ̀: eku kò mọ ibi tí wọ́n ti fìyà jẹ ẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n bí ohùn náà bá dún, ara rẹ̀ á dúró gbagidi. Isoflurane ti gba ìtàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀rù sílẹ̀ fún un.

Eku ni eku, èèyàn ni èèyàn. Síbẹ̀, mi ò mọ ẹni tó máa ka àbájáde yìí tí kò ní bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, nígbà tí oògùn bá fúyẹ́ jù, bóyá torí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ti lọ sílẹ̀ tí dókítà akunilóorun ń bẹ̀rù láti fi kún un. Ìwádìí kan tún wà tó mú kí ìbéèrè náà gbóná sí i. Ní 1984, Weinberger, Gold àti Sternberg kun eku lóorun dáadáa, wọ́n fi ohùn àti iná kọ́ ọ ní ìbẹ̀rù lójú oorun. Àwọn tí wọ́n kàn kùn lóorun kò kọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fún ní adrenaline kọ́ ọ, wọ́n jí, wọ́n sì ń bẹ̀rù ohùn tí wọn kò gbọ́ rí lójú ayé wọn, tí a bá ní ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Adrenaline sì ni ohun tí ara fúnra rẹ̀ ń tú jáde bí ọ̀bẹ bá wọ inú ẹran, bí oògùn ìrora kò bá tó. Ìdí nìyí tí dókítà akunilóorun tó mọṣẹ́ kì í fi oorun nìkan ṣe. Ó ń pa ìrora pẹ̀lú, kí ara má baà máa ké nígbà tí ẹnu dákẹ́.

Wọ́n ti dán an wò lára èèyàn náà. Ní 1965, dókítà kan ní Gúúsù Áfíríkà, Bernard Levinson, ṣètò eré kan lójú iṣẹ́ abẹ. Aláìsàn 10 ni wọ́n kùn lóorun, dókítà akunilóorun á sì ké lójijì pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, pé ètè aláìsàn ti ń dúdú jù, pé òun fẹ́ fún un ní atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà á ní ó ti dára, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tí wọ́n fi hypnosis, ìyẹn fífi ọ̀rọ̀ mú èèyàn wọ ipò tó jọ oorun, bá wọn sọ̀rọ̀, 4 nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu dókítà. Àwọn 4 mìíràn daríkodò, ara wọn kò balẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ìbéèrè náà dé òpin. Mo sọ ìtàn yìí torí ó gbajúmọ̀, kì í ṣe torí mo gbé ara lé e: àwọn tó gbìyànjú láti rí irú rẹ̀ lẹ́yìn náà kò rí i tó bẹ́ẹ̀, hypnosis náà kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé fọkàn tán. Àbùkù ibẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń kìlọ̀ fún ara wọn pé kí wọ́n ṣọ́ ẹnu nínú tíátà, ìyẹn nìkan ti tó èrè.

Ti jíjí láàárín iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n. Ní Sweden, wọ́n bi aláìsàn tó tó 11,785 léèrè, wọ́n rí i pé ẹni 1 tàbí 2 nínú 1,000 ló rántí nǹkan. Ọdún 2000 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní Bìrìtìkó àti Ireland, ìwádìí ńlá tó jáde ní 2014 ní ẹni 1 nínú nǹkan bí 19,000 ni. Kí ló fa ìyàtọ̀ tó tó báyìí? Ní Sweden, wọ́n lọ bá aláìsàn, wọ́n bi í. Ní Bìrìtìkó, wọ́n dúró de ẹni tó máa wá ròyìn. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń sọ pé “kò sí nǹkan, a dúpẹ́” bí dókítà bá bi wọ́n bí ara ṣe rí, á mọ èyí tí ìròyìn tiwa máa jọ.

Fún àwọn tí wọ́n kùn lóorun pátápátá láti fi ọ̀bẹ gbẹ̀bí, iye náà nínú ìwádìí Bìrìtìkó yẹn jẹ́ 1 nínú 670. Kí ẹ má bẹ̀rù jù: ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gbẹ̀bí fún lónìí, abẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ń gún fún, ojú wọn là sílẹ̀, wọn kò sì ń retí oorun kankan.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 ló tún gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Wọ́n so ọwọ́ aláìsàn 260 lọ́nà tí oògùn tó ń sọ ẹran ara di aláìlágbára kò fi ní dé ọwọ́ náà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ki ọ̀pá atẹ́gùn sí i lọ́fun, wọ́n ní bó bá ń gbọ́, kó di ọwọ́ wọn mú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni 1 nínú 20 tó di ọwọ́ wọn mú. Nígbà tí wọ́n jí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó rántí. Ohun tó wà láàárín “kò gbọ́” àti “kò rántí” fẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Ketamine, oògùn tiwa

Bí ẹ bá kúrò ní UITH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin, tí ẹ gba ọ̀nà ìlú kéékèèké Ìgbómìnà àti Èkìtì Kwara, oògùn akunilóorun tí ẹ máa bá jù ni ketamine. Ìdí rẹ̀ kò le. Kì í sábà dá èémí dúró, kì í já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ bíi ti àwọn yòókù, kò nílò ẹ̀rọ ńlá, bí NEPA bá sì mú iná lọ, abẹ́rẹ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Calvin Stevens ló ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1962, wọ́n kọ́kọ́ gún un fún èèyàn ní 1964, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1970, ó sì wà lára oògùn tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kà sí kò-ṣeé-má-nìí. Ọ̀pọ̀ wa ni ketamine ti gba ẹ̀mí rẹ̀ là láìmọ orúkọ rẹ̀.

Ìwà rẹ̀ ló ṣàjèjì. Ojú aláìsàn lè là sílẹ̀, kó máa wo òkè, kó má sì sí níbẹ̀. Ẹlòmíràn á jí pẹ̀lú ariwo: ó ń fò lókè, ó rí òkú bàbá rẹ̀, ògiri ń bọ̀ wá bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn ará ilé tó wà lẹ́nu ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, àwọn kan á ní wọ́n ti rí aráyé tó ń bá a jà. Bẹ́ẹ̀, oògùn ni. Ó máa ń lọ láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n sì lè fi midazolam tàbí Valium sí i kí ó rọlẹ̀. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì sọ èyí fún ẹbí ṣáájú, kí wọ́n jẹ́ kí ibi tí aláìsàn máa jí sí dákẹ́, kí èèyàn méje má dúró lé e lórí. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ibi tí ketamine ti kan ọ̀rọ̀ ìpayà gan-an nìyí. Ẹni tí ìbọn bà, tàbí tó bọ́ lọ́wọ́ ìjàm̀bá ọkọ̀, ketamine ni wọ́n sábà máa fi tọ́jú rẹ̀. Ṣé yóò gba ìpayà ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àbí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára? Ní 2005, àwọn olùwádìí ní Jámánì rí i pé àwọn tí wọ́n fún ní ketamine lẹ́yìn ìjàm̀bá ní àmì ìpayà ju àwọn tí wọ́n fún ní oògùn ìrora mìíràn lọ. Ní 2008, àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà wo àwọn ọmọ ogun tí iná jó: 27 nínú 100 àwọn tó gba ketamine nígbà iṣẹ́ abẹ ló ní àrùn ìpayà tó tẹ̀lé ìjàm̀bá, nígbà tí ti àwọn tí kò gbà á jẹ́ 46, bẹ́ẹ̀ sì ni ọgbẹ́ àwọn tó gbà á pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ méjì tó tako ara wọn. Àkókò lè jẹ́ ìdí, ìwọ̀n oògùn lè jẹ́ ìdí, oògùn tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ ọn náà lè jẹ́ ìdí. Ẹni tó bá fi ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ yìí búra fún yín pé ó ń tọ́jú ẹ̀rù tàbí pé ó ń dá a sílẹ̀, ẹ má tẹ̀ lé e.

Ṣé ó ṣeé parẹ́ lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sí abẹ́rẹ́ inú ọkọ̀. Midazolam àti Valium ń pa ìrántí, ṣùgbọ́n ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pa. Bí wọ́n bá gún un fún yín kí wọ́n tó ki ẹ̀rọ sí yín lọ́fun wo inú, ẹ lè máa dáhùn ìbéèrè, kí ẹ sì má rántí ọ̀kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá kò yẹ̀ nílẹ̀ rárá. Nítorí náà, ẹni tó lo ọjọ́ márùn-ún nínú igbó, tí wọ́n wá ń fún ní Valium alaalẹ́ nígbà tó dé, oorun nìkan ló ń rí gbà, igbó ṣì wà níbẹ̀. WHO tilẹ̀ sọ ọ́ ní 2013 pé kí wọ́n má ṣe fún ẹni tí ìpayà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ní irú oògùn yìí fún ìpayà náà láàárín oṣù kìíní. Ó sì ṣòro láti rí ilé ìtajà oògùn kan tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó sì ń tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan wà tó ṣí díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn onímọ̀ rò pé ìrántí dà bíi sìmẹ́ǹtì: bó bá ti gbẹ, ó gbẹ nìyẹn. Ní 2000, Karim Nader, Glenn Schafe àti LeDoux fi hàn lára eku pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí eku bá rántí ìbẹ̀rù rẹ̀, ìrántí náà tún ń tutù fún ìgbà díẹ̀, ọpọlọ sì ní láti mọ ọ́n ní ọ̀tun. Bí wọ́n bá fi oògùn dí ọpọlọ lọ́wọ́ lásìkò náà, ìbẹ̀rù náà lè má padà mọ́.

Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Spain dán an wò lára àwọn aláìsàn tó ń bọ̀ wá fún àyẹ̀wò inú, tí wọ́n máa kùn lóorun pẹ̀lú propofol. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi àwòrán sọ ìtàn méjì fún wọn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ìtàn tí apá kan rẹ̀ ń bani lẹ́rù. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n rán wọn létí ọ̀kan nínú ìtàn méjèèjì, wọ́n sì kùn wọ́n lóorun lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí wọ́n bi léèrè ní kété tí wọ́n jí rántí dáadáa. Àwọn tí wọ́n dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó bi wọ́n, apá tó ń bani lẹ́rù nínú ìtàn tí wọ́n rán wọn létí ti ṣá lọ́kàn wọn. Ó jọ pé ìrántí náà kò rí ara rẹ̀ mọ padà tán.

Ibí ni ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ ti wá. Ẹnì kan kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn gé e kúrú, ó dé gáréèjì Ọ̀fà ní abẹ́rẹ́ ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi dán an wò: àwòrán, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kì í ṣe ìbọn, kì í ṣe ebi, kì í ṣe ọmọ ẹni tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Apá tí ṣíṣá náà sì bá ni ìtàn, ohun tí ẹnu lè sọ. Wọn kò wo bóyá ara ṣì ń fò. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí a ti sọ lókè nípa ilé méjì, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Propofol yìí kan náà tún ní ojú kejì. Ní 2011, àwọn olùwádìí gún un fún eku lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ ọ ní ìbẹ̀rù, láìjẹ́ pé wọ́n rán an létí nǹkan kan. Ìrántí náà le sí i. Wọ́n tọpa rẹ̀ dé kẹ́míkà tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń ṣe tó jọ ti igbó tí àwọn èèyàn ń mu. Ní Japan, ìwádìí kan lórí àwọn tó ní ìjàm̀bá ọkọ̀ náà rí i pé àwọn tó gba propofol ní àmì ìpayà jù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Oògùn kan, ìrántí kan, bí àsìkò bá yí padà, àbájáde lè yí padà sódì. Kò sì sí dókítà kan ní Kwara tó yẹ kó máa fi èyí ṣe ìtọ́jú láìsí ìwádìí, torí propofol fúnra rẹ̀ lè dá èémí dúró; ẹni tí kò ní ẹ̀rọ àti ọwọ́ tó lè gbà á là, kó má sún mọ́ ọn.

Ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ìpayà kò ní ariwo. Ẹ̀ka Behavioural Sciences wà ní UITH, ìyẹn àwọn dókítà ọpọlọ àti ọkàn. Ìtọ́jú tí ìwádìí ti lẹ́yìn jù lọ ni kí ẹni tó mọṣẹ́ jókòó tì ọ́, kó mú ọ padà sínú ohun tó ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, níbi tí kò sí ewu, títí tí ọpọlọ á fi kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun pé ariwo náà kò mú ìbọn wá mọ́. Ẹ̀rù àtijọ́ kì í kúrò tán. Ẹ̀kọ́ tuntun ló ń bò ó mọ́lẹ̀, ó sì lè tún yọjú bí èèyàn bá dé ibòmíràn. Ẹ̀kọ́ yìí ń fẹ́ ọpọlọ tó là, oògùn bíi Valium sì lè dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀dọ̀ àlùfáà lọ fún rùkíyà tàbí gba ọ̀dọ̀ wòlíì fún àdúrà, kí ó lọ. Mi ò rí ìdí tí méjèèjì kò fi lè rìn pọ̀.

Ìbẹ̀rù kan tún wà tí oògùn kò kàn rárá, torí ó ti wọlé kí oògùn tó dé. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí àgbà mẹ́rin dì mú nínú tíátà, tí wọ́n fi nǹkan bò nímú bó ṣe ń ké “màámi”, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ tán kó tó sùn. Oògùn kò ní pa á rẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á máa tọ̀ sí orí ẹní, bó bá rí aṣọ funfun, á ké. Bí midazolam bá wà, kí ọmọ gbé e mì ṣáájú. Bí kò bá sí, kí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí oorun á fi gbé e lọ. Àwọn ilé ìwòsàn tó kọ ìyá sẹ́yìn ilẹ̀kùn lè ní ìdí wọn, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ìdí tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Fún àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́ abẹ, ìbéèrè márùn-ún kan wà tí àwọn dókítà akunilóorun ti ń lò káàkiri ayé láti 1970. Kí ni ohun ìkẹyìn tí ẹ rántí kí ẹ tó sùn? Kí ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ rántí nígbà tí ẹ jí? Ǹjẹ́ ẹ rántí ohunkóhun láàárín méjèèjì? Ṣé ẹ lá àlá? Kí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀? Ní Sweden, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n béèrè rẹ̀: kí aláìsàn tó kúrò níbi tó jí sí, lẹ́yìn ọjọ́ kan sí mẹ́ta, àti lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 14. Àwọn kan sọ pé kò sí nǹkan ní ẹ̀ẹ̀kìíní, wọ́n sọ pé kò sí nǹkan ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Lọ́dọ̀ wa, aláìsàn tí wọ́n bá dá sílẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún ti wà nílé rẹ̀ ní Òmù-Àrán tàbí Ìgbájà nígbà náà, ẹni tó máa bi í kì í ṣe dókítà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ni, tàbí ọmọ rẹ̀, bí wọ́n bá mọ ohun tí wọ́n ń béèrè.